Ìbọn Àfàtààrà: Àǹfààní àti Àléébù Rẹ̀
Ìbọn àfàtààrà ni èyí tí ayìnbọn kàn ń fa irin ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, tí ó sì ń tì í padà, kí ọta mìíràn lè wọlé. Nínú Lee-Enfield àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ irin náà sókè, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níkẹyìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin di méjì. Ìyára ni àǹfààní àfàtààrà.

Ṣùgbọ́n gbígbé ọwọ́ irin sókè yẹn ni ó ń tú èèpo ọta tí ó bá há. Ní Ypres, ní 1915, ẹrẹ̀ àti ọta tí kò bá a mu mú kí irin ìbọn Ross àwọn ọmọ ogun Kánádà há. Ọ̀pọ̀ wọn jù ú nù, wọ́n mú Lee-Enfield àwọn tí ó ti kú. Ní 1916, wọ́n fi Lee-Enfield rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn atamátàsé tí wọ́n ń tọ́jú ìbọn wọn kò fi Ross sílẹ̀, nítorí ó ń ba ohun tí wọ́n fojú sùn.

Nítorí náà, ìyára nìkan kò tó fi yan ìbọn ogun. Ohun tí ó dára lọ́wọ́ atamátàsé lè pa ẹni tí ó wà nínú ẹrẹ̀.