Ẹ̀léktírọ́ọ̀nù Kan Ló Sọ Wọ́n Di Iyọ̀

Sódíọ̀mù jẹ́ irin tó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lásán ń gé e. Bí ègé rẹ̀ bá kan omi, á máa hó ṣìṣì, á máa sáré kiri, ó sì lè gbiná. Kilọríìnì ní tirẹ̀ jẹ́ gáàsì olóró. Òun ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sáfẹ́fẹ́ ní Ypres, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lóṣù kẹrin ọdún 1915. Àwọn méjèèjì yìí náà ló para pọ̀ di iyọ̀ ọbẹ̀.

Kí ló wá tù wọ́n lójú? Ẹ̀léktírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni.

Láàárín gbùngbùn átọ̀mù, ìyẹn ègé tó kéré jù lọ nínú èròjà kan, ni kókó rẹ̀ wà. Prótọ́ọ̀nù inú kókó yìí ní ṣáàjì pọ́sítíìfù, níútírọ́ọ̀nù tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò ní ṣáàjì rárá. Ẹ̀léktírọ́ọ̀nù tó tò ní ipele-ipele yí kókó ká ló ní ṣáàjì nẹ́gẹ́tíìfù. J. J. Thomson ló fi hàn ní Cambridge lọ́dún 1897 pé ẹ̀léktírọ́ọ̀nù wà. Lọ́dún 1911 ni Ernest Rutherford ṣàlàyé kókó. Ó kéré gan-an ni, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni ìwọ̀n átọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán.

Sódíọ̀mù ní prótọ́ọ̀nù 11 àti ẹ̀léktírọ́ọ̀nù 11. Ṣáàjì wọn pa ara wọn rẹ́, átọ̀mù náà kò ní ti pọ́sítíìfù, kò ní ti nẹ́gẹ́tíìfù. Àmọ́ ẹ̀léktírọ́ọ̀nù kan dá wà ní ipele òde, kò sì le dì mọ́ kókó dáadáa. Kilọríìnì ní prótọ́ọ̀nù 17 àti ẹ̀léktírọ́ọ̀nù 17, ẹyọ ẹ̀léktírọ́ọ̀nù kan péré ló sì kù kí ipele òde tirẹ̀ kún. Bí wọ́n bá pàdé, ẹyọ kan yẹn bọ́ lọ́wọ́ sódíọ̀mù, ó di ti kilọríìnì. Ẹ̀léktírọ́ọ̀nù sódíọ̀mù wá ku 10 sí prótọ́ọ̀nù 11, ó di áyọ́ọ̀nù pọ́sítíìfù, ìyẹn átọ̀mù tó ní ṣáàjì pọ́sítíìfù. Ti kilọríìnì di 18 sí 17, ó di áyọ́ọ̀nù nẹ́gẹ́tíìfù. Wọ́n fa ara wọn mọ́ra, wọ́n to ara wọn jọ gírígírí, ó di hóró iyọ̀.

Prótọ́ọ̀nù kò kúrò níbi tó wà o. Iye rẹ̀ ló ń fi hàn bóyá sódíọ̀mù ni átọ̀mù kan tàbí nǹkan mìíràn.

Iyọ̀ gbígbẹ kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá, torí àwọn áyọ́ọ̀nù rẹ̀ há mọ́ra. Tí a bá dà á sómi, wọ́n á tú ká, iná á sì rọ́nà gbà.

Áyọ́ọ̀nù wọ̀nyí náà ni ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ń pàdánù pẹ̀lú omi ara rẹ̀. Ohun tó mú kí omi oníyọ̀-àti-ṣúgà gbà á là nìyí: glúkóòsì inú ṣúgà àti sódíọ̀mù jọ ń gba ara ìfun wọlé, omi sì ń tẹ̀ lé wọn.