Eré Ọwọ́dilẹ̀ Àwọn Tó Ń Kọ Ètò fún Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ kan wà lóde báyìí tí àwọn baba ńlá wa kò mọ̀. Iṣẹ́ náà ni kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Kí ni à ń pè ní ètò? Kọ̀ǹpútà kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá ní kó ṣe ni yóò ṣe. Ẹni tó ń kọ ètò ni ó ń to ọ̀rọ̀ náà fún un lẹ́sẹẹsẹ pé: kọ́kọ́ ṣe èyí, lẹ́yìn náà ṣe tọ̀hún, bí owó bá wà ní àkáǹtì, san án, bí kò bá sí, má san án. Nígbà tí ẹ bá fi tẹlifóònù fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní Ìbàdàn, ẹnì kan ti jókòó kọ ètò tí owó náà ń bá rìn.

Iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ yìí. Bí àmì kékeré kan bá ṣì, gbogbo ètò lè daṣẹ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà yóò tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kó tó rí àmì ọ̀hún. Ẹ̀yìn a máa ro ó, ojú a máa ta á, ọrùn a sì le gan-an. Èyí tó wá burú jù ni ti ọkàn. Àgbẹ̀ tó bá roko tán, yóò wẹ̀, yóò jẹun, yóò sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ètò rẹ̀ kò tíì yanjú, ó ń gbé e lọ sórí ibùsùn ni.

Ìyá kan ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa bi mí léèrè pé, "Ọ̀gá, ọmọ mi kàwé gboyè, ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábà. Kí ló dé tó tún ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé bí ọmọdé? Ṣé kò ní pàdánù iṣẹ́ báyìí?" Ẹ̀rù ń ba ìyá náà, nítorí owó ọmọ yìí ni àwọn àbúrò fi ń lọ síléèwé. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Mo dá a lóhùn pé, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá iléèwé, kò sí ọjọ́ tí a kì í lu aago eré. Ọmọ tí ìṣirò bá dàrú mọ́ lójú kí aago tó lù, òun náà ló sábà máa ń yanjú rẹ̀ nígbà tó bá ti sáré yí pápá ká tó sì padà wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àgbàlagbà tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí díẹ̀ nínú àwọn gbajúmọ̀ iṣẹ́ yìí ń ṣe bí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Alan Turing, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1936 ó ṣàlàyé bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe lè ṣe onírúurú iṣẹ́ ìṣirò, bí a bá ṣáà ti lè kọ ètò rẹ̀ fún un. Ní 1948 ó lọ sí Yunifásítì Manchester, ó sì ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n kàn níbẹ̀. Eré sísá ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn. Ní 1947 ó wọ ìdíje máráthọ̀nì, eré tó gùn ju kìlómítà 42 lọ. Ó parí rẹ̀ ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 46, ó sì ṣe ipò karùn-ún. Ẹ má rò pé eré ọmọdé ni o. Ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní ní Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní London ní 1948 lo nǹkan bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 35. Nǹkan bíi ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ló wà láàrin ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò àti akọni tó borí gbogbo ayé!

Ti Donald Knuth yàtọ̀. Ará Amẹ́ríkà ni, ọdún 1938 ni wọ́n bí i, Yunifásítì Stanford ló sì ti ṣe olùkọ́. Ní 1962 ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá kan lórí bí a ti ń kọ ètò. Apá kìn-ín-ní jáde ní 1968, kò sì tíì kọ ọ́ tán títí di òní. Bàbá rẹ̀ a máa tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran, òun náà sì kọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: ó ní kí wọ́n kan dùrù onífèrè, irú èyí tí à ń rí ní kàtídírà, sínú ilé tó ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó nítòsí ẹgbẹ́ akọrin, ẹ ti rí bí wọ́n ti ń tẹ ẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ojú wà lórí ìwé orin. Kò sí àyè láti máa ro ètò kọ̀ǹpútà nígbà náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó kọ orin dùrù kan tó gùn, tó dá lórí Ìwé Ìfihàn nínú Bíbélì. Wọ́n kọ́kọ́ fi dùrù kọ orin náà ní gbangba ní ìlú Piteå ní Sweden ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2018, ọjọ́ tó pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọkùnrin kan náà yìí ló sì pa lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tì láti ọjọ́ kìíní ọdún 1990. Lẹ́tà ìwé ló ń gbà.

Ken Thompson, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe Unix ní 1969, fẹ́ràn ọkọ̀ òfurufú wíwà. Ó tún fẹ́ràn eré ṣẹ́ẹ̀sì. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀, Joe Condon, kan ẹ̀rọ kan tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, wọ́n pè é ní Belle, ẹ̀rọ náà sì borí nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn kọ̀ǹpútà ní 1980.

Bí a ti dárúkọ ṣẹ́ẹ̀sì yìí, ó yẹ kí á mẹ́nu kan ayò. Awari ni orúkọ ayò kan tó jọ tiwa: ihò 12, ọmọ ayò 48. Ní 2002, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní yunifásítì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, lo ẹ̀rọ aṣèṣirò 144 tí wọ́n so pọ̀, kí wọ́n lè wo gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà wà nínú ihò. Ọ̀nà náà ju bílíọ̀nù 889 lọ. Àbájáde rẹ̀ ni pé, bí àwọn méjèèjì kò bá ṣi ayò ta, ọ̀mì ni. Mo sọ èyí fún àwọn ọ̀ta ayò kan ládùúgbò wa, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò lè fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni adùn ayò wà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yìí fẹ́ràn iṣẹ́ tí ọwọ́ lè dì mú: iṣẹ́ káfíńtà, oko ẹ̀yìnkùlé, búrẹ́dì yíyan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ètò kọ̀ǹpútà kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ lè kọ ọ́ fún oṣù mẹ́fà kí ẹ má rí ohun tí ẹ ó fi han ìyá yín. Ṣùgbọ́n àpótí ìjókòó, bí ẹ bá kàn án tán, ẹ ó jókòó lé e.

Ó wá kan Linus Torvalds, ọmọ Finland tó ti di ará Amẹ́ríkà. Inú omi òkun ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú omi lọ́nà yìí yóò gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ yìí ni yóò máa mí nísàlẹ̀. Omi wúwo. Bí ó bá dé ìsàlẹ̀ ní mítà 10, agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ lára ti di ìlọ́po méjì èyí tó ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tó ń mí, tí à ń pè ní náítírójìn, yóò máa yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá rọra jáde, kò séwu. Yóò fi imú mí i jáde díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sáré jáde, náítírójìn yóò hó nínú ẹ̀jẹ̀, bí ìgbà tí a bá ṣí ìgò míńírà lójijì. Ó lè sọ ènìyàn di arọ. Ó lè pa á. Ìdí nìyí tí àwọn òmùwẹ̀ yìí kì í fi í gòkè ju nǹkan bíi mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n sì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tó bá ku nǹkan bíi mítà 5. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tó dà bí aago ọwọ́ ló ń bá wọn ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ilé, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀: bí wọ́n ti jìn tó, bí wọ́n ti pẹ́ tó.

Torvalds wá ètò tó lè fi pa àkọsílẹ̀ yìí mọ́, kò rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní 2011 ó jókòó, ó kọ tirẹ̀, ó pè é ní Subsurface. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó sá fún kọ̀ǹpútà títí dé ìsàlẹ̀ òkun, ètò kọ̀ǹpútà ló tún kọ nígbà tó jáde.

Èyí mú wa dé ibi tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, eré ọwọ́dilẹ̀ tí wọ́n yàn láàyò ni kí wọ́n máa kọ ètò mìíràn, èyí tí ọ̀gá kankan kò rán wọn. Torvalds kan náà, nígbà tó wà ní yunifásítì ní Helsinki ní 1991, tó jẹ́ ọmọ ọdún 21, kọ ètò kan fún ìgbádùn ara rẹ̀. Ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé eré lásán ni, kò ní di ńlá. Linux ni. Bí tẹlifóònù yín bá jẹ́ Android, Linux wà nínú rẹ̀.

Linux rí owó, ó rí olùrànlọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo eré ló rí bẹ́ẹ̀. Ètò kan wà tó ń jẹ́ xz, tó ń fún àkọsílẹ̀ ńlá pọ̀ kó lè gba àyè kékeré, bí a ti ń ki aṣọ mọ́ inú àpótí. Kọ̀ǹpútà àìmọye káàkiri ayé ń lò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ní Finland, Lasse Collin, ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ní 2022 àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i pé ó ń fà sẹ́yìn. Ó dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ tí òun kò gba owó lé lórí ni. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti ń bá a ṣe díẹ̀díẹ̀ láti 2021. Ó fara balẹ̀, ó gba ìfọkàntán, títí ó fi di pé wọ́n jọ ní kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ọ̀nà ẹ̀bùrú ti wà nínú ètò náà, èyí tí olè lè gbà wọ inú kọ̀ǹpútà olówó láìkan ilẹ̀kùn.

Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ló tú àṣírí náà. Iṣẹ́ mìíràn ló ń dán wò. Ó rí i pé wíwọlé sínú kọ̀ǹpútà kan ń pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní ìwọ̀n ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdajì o! Kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, kí ọ̀nà ẹ̀bùrú náà tó tàn ká.

Collin padà sídìí iṣẹ́ tí kò gba owó lé lórí. Ó hú ohun tí àlejò náà gbìn kúrò, ó yẹ ìyókù wò, ó sì gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà.