Ọ̀rọ̀ Dídùn Ẹlẹ́tàn

Robert Louis Stevenson, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ni ó kọ ìwé ìtàn Treasure Island, tí ó jáde ní ọdún 1883. Jim Hawkins, ọmọdékùnrin kan, bá àwọn àgbà wọ ọkọ̀ lọ wá ìṣúra tí ọlọ́ṣà ojú òkun rì mọ́lẹ̀ ní erékùṣù kan. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: Trelawney tí ó ra ọkọ̀ náà kò lè pa àṣírí mọ́; bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́ṣà ṣe ríṣẹ́ gbà nínú rẹ̀.

Olórí wọn ni Long John Silver, alásè ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí a máa yin Jim nígbà gbogbo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Jim wọ inú àgbá lọ mú èso ápù. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ tí Silver ń fi ọ̀rọ̀ ìyìn kan náà tan atukọ̀ mìíràn, tí ó sì ń pète ikú àwọn ọ̀gá wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Silver mọ iṣẹ́, ó gbọ́n, ó sì láyà. Nítorí náà ni ó fi ṣòro láti fura sí i. Ohun tí ó gba Jim là ni pé ó tètè sọ ohun tí ó gbọ́ fún àwọn àgbà. Bí ẹnì kan bá ń yìn yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó ń sọ lẹ́yìn yín.