Gráìmù: Orin Àwọn Ọ̀dọ́ Ìlà-Oòrùn Lọ́ńdọ̀nù

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún, irú orin titun kan jáde ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá ní àdúgbò Bow. Gráìmù ni orúkọ rẹ̀. Ìlù rẹ̀ yá púpọ̀, nǹkan bí 140 ni ó ń dún ní ìṣẹ́jú kan. Olórin kò sì ní í fa ohùn gùn, ọ̀rọ̀ ni yóò máa sọ wéréwéré lé ìlù lórí.

Àìní ni ó bí orin yìí. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó dá a sílẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí ó ti Áfíríkà àti erékùṣù Kàríbíánì wá, kò ní owó ilé agborinsílẹ̀. Kọ̀ǹpútà inú yàrá ni wọ́n fi ń ṣe ìlù. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá kò sì kọ́kọ́ kà wọ́n sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gba orí rédíò tí kò ní ìwé àṣẹ. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni Rinse FM, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ṣùgbọ́n tí kò rí ìwé àṣẹ gbà títí di 2010.

Ní 2003, Dizzee Rascal, ọmọ ọdún 18, gba ẹ̀bùn Mercury. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé ilẹ̀kùn ti ṣí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2005, ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé kan jáde tí a ń pè ní Form 696. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe òde orin ní láti kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ḿbà tẹlifóònù àwọn olórin sínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń béèrè ẹ̀yà àwọn tí yóò wá gbọ́ orin. Ọlọ́pàá ní nítorí kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ ni. Àwọn olórin ní àwọ̀ ara ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́.

Síbẹ̀, orin náà kò kú. Ní 2016, Skepta, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Joseph Olaitan Adenuga, ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dàgbà ní Tottenham, gba ẹ̀bùn Mercury fún àwo rẹ̀ Konnichiwa. Ní 2017, àwo Stormzy di àwo gráìmù àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ọlọ́pàá fagi lé Form 696.

Ní 2018, wọ́n fi Skepta jẹ oyè Amúlùdùn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Orúkọ oyè náà tó àròjinlẹ̀: orin tí ìlú kan kà sí ewu ni ìlú mìíràn kà sí ohun tí ń mú ìlú dùn.