Másùnmáwo, Àìsùn àti Nǹkan Oṣù Obìnrin

Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ń fi òru ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í rí oorun sùn tó ní ọ̀sán. Èyí lè yí nǹkan oṣù wọn padà.

Ohun tó ń fà á
Ọpọlọ ń fi hòmónù ránṣẹ́ sí ilé ẹyin kí ẹyin lè gbó, kí ó sì jáde. Másùnmáwo àti àìsùn lè dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Nígbà náà, nǹkan oṣù lè pẹ́, tàbí kí ó má wá rárá.

Ohun tí ẹ lè ṣe
• Ẹ máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.
• Lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ẹ sùn nínú yàrá tó ṣókùnkùn, fún wákàtí 7 ó kéré tán.
• Bí nǹkan oṣù bá pẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò oyún.
• Bí kò bá wá fún oṣù 3, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera
Ẹ má ṣe yára sọ pé ìrònú ló fà á. Ẹ bèèrè bí obìnrin náà ṣe ń sùn, ṣùgbọ́n ẹ yẹ oyún àti àìsàn tírọ́ìdì wò ná. Ẹni tí a dá padà sílé láìṣe àyẹ̀wò lè máa gbé àìsàn kiri.