Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ni aṣòfin lè ṣe fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì?

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọmọ etí ọ̀sà tí ìró ogun kò ṣàjèjì sí, nítorí Ẹ̀pẹ́ ni Ọba Kòsọ́kọ́ kó àwọn jagunjagun rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, àwọn bàbá tó bá ogun Hitler dé Bọ́mà lábẹ́ Division 81, orúkọ tí ẹ̀ka ọmọ ogun tó wà l'Ékòó ń jẹ́ títí dòní, kò yẹ ní ẹni ìgbàgbé láàárín wa.

Ọnọrébù Babajimi Benson, aṣojú Ìkòròdú l'Ábújá láti 2015, ni alága ìgbìmọ̀ ààbò nílé aṣojú-ṣòfin láti 2019. Kì í ṣe òun ló ń san owó ìfẹ̀yìntì. Military Pensions Board ló ni iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ rẹ̀ lè yẹ ìṣúná wọn wò fínnífínní, kí ó pe àwọn aláṣẹ wá sọ ohun tó dá owó àgbàlagbà dúró, kí ó sì gbé àbádòfin kalẹ̀. Lójú tèmi, èyí ju òdòdó tí à ń gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìrántí òpin ogun abẹ́lé ní 1970, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Bí owó ajagunfẹ̀yìntì kan nílé yín kò bá wọlé, ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ sí i.