Abẹ, ẹ̀mú, àlùmọ́gàjí: ẹ jẹ́ ká mọ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ

Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni mí. Èmi ni mo máa ń na irinṣẹ́ sí dókítà. Tó bá béèrè ọ̀kan, tí mo lọ fún un ní òmíràn, ẹ̀jẹ̀ ò ní dúró dè wá.

Abẹ ni àkọ́kọ́. Òun ló fún iṣẹ́ abẹ lórúkọ. Ẹ ṣọ́ ohùn o: abẹ la fi ń gé nǹkan, abẹ́ ni ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà la fi ń pe ojú abẹ. 10 wà fún ìlà gígùn lára awọ. 15 jọ ọ́, àmọ́ ó kéré, ibi ẹlẹgẹ́ ló wà fún. 11 ní ẹnu ṣóńṣó. A lè fi dá eéwo lu kí ọyún jáde.

Ẹ̀mú ló kàn. Artery forceps, tí mò ń pè ní ẹ̀mú ẹ̀jẹ̀, ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Needle holder, ìyẹn ẹ̀mú abẹ́rẹ́, jọ ọ́ bí ìbejì. Àwọn méjèèjì rí bí àlùmọ́gàjí, wọ́n sì ní eyín nítòsí ìka tó ń mú wọn há. Báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀? Ẹ wo ẹnu wọn! Ti abẹ́rẹ́ kúrú, ó ki, ìlà inú rẹ̀ sì rí bí àwọ̀n. Ti ẹ̀jẹ̀ gùn jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀mú ẹ̀jẹ̀ mú abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á máa yí, ẹnu ẹ̀mú náà á sì bàjẹ́.

Àlùmọ́gàjí náà ò rí bákan náà. Mayo nípọn, òun la fi ń gé òwú. Metzenbaum tẹ́ẹ́rẹ́, ẹran ara tó rọ̀ ló wà fún.

Lẹ́yìn náà ni kíkà. Ìwé àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008 ní kí nọ́ọ̀sì sọ ọ́ síta pé iye irinṣẹ́, gọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ pé, kí aláìsàn tó kúrò nínú yàrá. Bí ọ̀kan bá dín, a ó wá a, torí ó lè wà nínú ara ẹni tó sùn síbẹ̀.

Torí náà, bí ẹ bá ń ṣe ògbufọ̀ fún màmá yín tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ sọ fún wọn pé: "Mọ́mì, wọ́n á kà á kó pé."